Ilà Ojú Ti Ń Kógbá Wọlé, Kí Ló Dé Tí Abẹ́ Dídá Kò Lọ?

Láti ọdún 2004 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ní òfin tirẹ̀ tó ka dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí ńlá rẹ̀ lórí ìbímọ àti ìlera lọ́dún 2013, Ọ̀ṣun ló gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Nàìjíríà: nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 77 tí wọ́n ti dá abẹ́ fún, nígbà tó jẹ́ pé 25 ni ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ẹni tó bá yára ka ìṣirò yìí lè sọ pé òfin náà kò wúlò. Ìdájọ́ yẹn ti yá jù, nítorí ìkókó ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n kà lọ́dún 2013 nígbà tí abẹ kàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó ronú òfin rárá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn òfin ló yẹ ká wò, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni. Láàárín ọdún 2013 sí 2018, iye àgbà obìnrin tí wọ́n dá abẹ́ fún ní Nàìjíríà wálẹ̀ láti 25 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 15 gòkè, láti bíi 17 sí 19. Àárín ọdún márùn-ún yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ gbé òfin ìdènà ìwà ipá tí a mọ̀ sí VAPP jáde, lọ́dún 2015, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó bá dá abẹ́ fún obìnrin. Òótọ́ ni pé Àbújá nìkan ni òfin yẹn kọ́kọ́ dè, títí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi sọ ọ́ di tirẹ̀. Síbẹ̀, bí òfin ṣe ń pọ̀ sí i lórí ìwé nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni abẹ ń kan ọmọ sí i nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ọ̀ṣun nìkan. Lọ́dún 2024, UNICEF ṣírò rẹ̀ pé obìnrin àti ọmọdébìnrin tó lé ní mílíọ̀nù 230 ló wà láyé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Gbogbo ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún ni àgbáyé fi ń polongo lòdì sí i, ọmọ Nàìjíríà ló sì kéde ọjọ́ náà: Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ wa nígbà náà, ló gbé e kalẹ̀ ní Addis Ababa lọ́dún 2003. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ní Ìkòyí, ní Àpòmù tàbí ní Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, kò lè fi bẹ́ẹ̀ sọ pé òun kò gbọ́ rí. A ti gbọ́ lórí rédíò, a ti rí i lára pátákó. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí kí ọ̀rọ̀ wọni lára. Ìlanilọ́yẹ̀ tí a ti ń ṣe ń bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń fi òfin dẹ́rù bà á, ó sì ń fi í sílẹ̀ kó lọ dá ìpinnu ṣe nínú yàrá rẹ̀. Àṣà tí gbogbo ẹbí jọ ń ṣe kò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Àfi kí gbogbo wọn jọ fi í sílẹ̀, kí kálukú sì rí ẹnìkejì rẹ̀ bó ṣe ń fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí nínú ilé. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, ìyá rẹ̀ ṣì ń jókòó sínú omi gbígbóná. Ìyá bàbá ọmọ á ránṣẹ́ pe olólà, ẹni tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló kọ gbogbo agboolé nílà, tí bàbá bàbá rẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà obìnrin kan á tẹ́ ọmọ sórí itan, á di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Wọ́n á ti mú ìgbín sílẹ̀, wọ́n á fọ́ ìdí rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè máa kán sójú egbò. Abẹ á kọjá wàrà, ọmọ á ké, wọ́n á ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á sì kí ara wọn kú oríire. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sí ọ̀tá ọmọ kankan. Ìyá àgbà fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun rílé ọkọ, kó sì bímọ ní ìrọ̀rùn. Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n dá abẹ́ fún ní Nàìjíríà, 86 ni wọ́n ti ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ kò lè lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ ni ẹbí rẹ̀, ọ̀daràn tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé. Ibi tí òfin ti sọ agbára nù nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe ibi nítorí ìfẹ́ kò ní fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀wọ̀n. Tó bá rí i pé ìfẹ́ òun ń pa ọmọ lára, ìgbà yẹn ló máa jáwọ́.

Ohun tó wà nídìí ìfẹ́ yẹn ni ẹ̀rù kan tí wọ́n ti fi lé wa lọ́wọ́ láti ìran dé ìran: pé bí orí ọmọ bá kan ìdọ́ ìyá rẹ̀ nígbà ìrọbí, ọmọ náà á kú. Ẹ̀rù yìí lágbára ju ẹ̀wọ̀n lọ, nítorí kò sí ìyá tó fẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ ta tẹ́tẹ́. Ó dára pé àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet. Àwọn aláboyún tó lé ní 28,000 ni wọ́n tọ́pa wọn títí wọ́n fi bímọ, ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Bùkínà Fásò, Gánà, Kẹ́ńyà, Sẹ̀nẹ̀gà, Sùdáànù àti Nàìjíríà tiwa yìí. Òdìkejì ohun tí a gbàgbọ́ ni wọ́n rí. Àwọn tí wọn kò dá abẹ́ fún ni ọmọ wọn kì í sábà kú. Lára àwọn tí wọ́n gé ìdọ́ àti ètè abẹ́ wọn, ewu ikú ọmọ fi nǹkan bí 32 nínú ọgọ́rùn-ún ju tiwọn lọ. Lára àwọn tí wọ́n gé e tí wọ́n tún rán an pọ̀, ó fi 55 jù. Ẹ̀jẹ̀ ń ya wọ́n lẹ́yìn ìbímọ jù, iṣẹ́ abẹ fún ìbímọ ń kàn wọ́n jù, àwọn ọmọ wọn sì nílò ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n tó lè mí ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpá ló fà á: ibi tí egbò ti jinná kì í nà bí ara tí wọn kò fọwọ́ kàn, ó ń ya nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀. Ẹnìkan á ní, "Ìyá mi bí mẹ́wàá, wọ́n sì dá abẹ́ fún un." Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọdá títì márosẹ̀ láìwo ọ̀tún wo òsì tí ọkọ̀ kò gbá wọn, ìyẹn kò sọ títì di pápá ìṣeré. Àwọn ọmọ tó kú nínú ìrọbí láyé àtijọ́, àbíkú la pè wọ́n, tàbí a ní ọmọ aráyé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wo abẹ.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ìrọbí. Wọ́n ní tí wọn kò bá dá a, ọmọbìnrin á máa ṣe ìṣekúṣe. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ tó gba ipò kìn-ín-ní nínú abẹ́ dídá ni ìbá máa gba ipò kìn-ín-ní nínú ìwà mímọ́, kò sì sí ará Ọ̀ṣun kan tó máa bá wa fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwà kò sí lábẹ́, inú orí ló wà, ilé ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Àwọn kan á tún bi wá pé ṣebí a ń dá abẹ́ fún ọkùnrin. Ohun tí wọ́n ń gé lára ọkùnrin ni awọ adọ̀dọ́, kò gba agbára kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ti obìnrin, ẹran ara tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n ń gé sọnù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ gbangba pé kò ní àǹfààní kankan fún ara. Ti ẹ̀sìn náà ńkọ́? Májẹ̀mú ìkọlà tí Ọlọ́run bá Ábúráhámù dá nínú Bíbélì, ọkùnrin nìkan ló mẹ́nu bà. Lóṣù kọkànlá ọdún 2006, àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù péjọ sí Al-Azhar ní Káírò, wọ́n sì fẹnu kò pé dídá abẹ́ fún obìnrin kò ní gbòǹgbò nínú Kùránì. Ẹ̀sìn kò ni wá lára. Àwa la fi orúkọ ẹ̀sìn bo ohun tí a bá nílé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè tó wà lókè ìwé yìí. Ilà ojú lágbára ju abẹ́ dídá lọ nígbà kan. Òun ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ìlú, òun ni wọ́n fi ń mọ ìdílé, òun ni ẹwà, òun sì ni ẹni tí ogun kó lọ fi ń rí ará ilé rẹ̀ he. Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, olólà kan náà tó ń dá abẹ́ ló ń fi abẹ kan náà bù wọ́n. Lónìí, ẹ lọ dúró ní gareejì Ìkirè, ẹ wo ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré gbé dódò lọ bá ọkọ̀, ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó rí ẹyọ kan tó ní ilà. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló lé ilà ojú lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ka fífi àmì sára ọmọ léèwọ̀, ṣùgbọ́n ilà ti ń di ìgbàgbé kí òfin náà tó dé. Ohun tó lé e lọ ni pé ojú ló wà. Nígbà tí ìdílé kan kò kọ ọmọ nílà mọ́, gbogbo àdúgbò rí i. Wọ́n rí i pé ọmọ náà rílé ìwé lọ, ó rí iṣẹ́, ó gbéyàwó, nǹkan kan kò ṣe é. Ìdílé kejì tẹ̀ lé e, ìkẹta tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọlà ni wọ́n ń wò. Abẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, inú aṣọ ló wà. Ìdílé tó ti jáwọ́ kò sọ, ìdílé tó ń ṣe é lọ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti jáwọ́. Ìyàwó kékeré tí kò fẹ́ kí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ rẹ̀ á rò pé òun nìkan ni, á sì dákẹ́ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Bóyá ìyá ọkọ yẹn náà kò fẹ́, ó kàn ń bẹ̀rù ohun tí ẹbí máa sọ ni. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń bọ́ àṣà náà. Iṣẹ́ tó wà níwájú ìlanilọ́yẹ̀, nígbà náà, ni láti mú ohun tó pamọ́ jáde sí gbangba, kó lè rí bí ilà ojú ṣe rí.

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1997, àwọn obìnrin abúlé Malicounda Bambara ní Sẹ̀nẹ̀gà jáde síta, wọ́n sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn àti àwọn oníròyìn pé àwọn kò ní dá abẹ́ fún ọmọ àwọn mọ́. Ẹgbẹ́ Tostan ti lo ọ̀pọ̀ oṣù láti kọ́ wọn ní èdè tiwọn nípa ìlera àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àmọ́ ẹni tó rí ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ gan-an ni Demba Diawara, imáàmù abúlé Keur Simbara. Ó ní abúlé kan kò lè dá nìkan jáwọ́, nítorí abúlé mìíràn ni wọ́n ti ń fẹ́yàwó, ibòmíràn ni wọ́n sì ń fi ọmọ fọ́kọ sí. Bí ẹyọ kan bá jáwọ́ tí àwọn àna kò jáwọ́, ọmọbìnrin inú rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín. Ó gbéra, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀, títí ọ̀pọ̀ abúlé fi péjọ sí Diabougou lóṣù kejì ọdún 1998, tí wọ́n sì jọ kéde ìpinnu kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà tó ṣòfin, lọ́dún 1999. Ẹlòmíràn á ní ayẹyẹ lásán ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀, pé àwọn kan á kéde lọ́sàn-án, wọ́n á sì pe olólà lóru. Kò ṣàìrí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, abẹ́ dídá kò sì tíì tán ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé Gáńbíà tó wà láàárín rẹ̀: òfin dé níbẹ̀ lọ́dún 2015, nígbà tó sì di ọdún 2024, àwọn aṣòfin kan gbé àbá wá pé kí wọ́n wọ́gi lé e. Oṣù keje ọdún yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó da àbá náà nù. Òfin tí kò rídìí jókòó nínú ọkàn àwọn ará ìlú, atẹ́gùn díẹ̀ ló máa ń mì í.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní àwọn òyìnbó ló fẹ́ gba àṣà wa lọ́wọ́ wa, pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń sọ èyí ní agbègbè Ìkòyí, ó yẹ kó ka ìtàn ìlú rẹ̀. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń jí ọmọ èèyàn gbé tà. Kò sí òyìnbó kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Oníkòyí ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu, ọba Òwu, pé kó fòpin sí i. Àwọn àgbà Yorùbá fúnra wọn ló rí i pé a kì í sọ ọmọlọ́mọ di ọjà. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìyẹn, kó tó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìtàn náà. Ogun ni Olówu fi jíṣẹ́. Àpòmù, Ìkirè àti Ìkòyí-Igbó wà lára àwọn ìlú tí wọ́n fọ́, Òwu fúnra rẹ̀ parun lẹ́yìn náà, jíjí èèyàn gbé kò sì dáwọ́ dúró: ogun tó tẹ̀ lé e ló tún mú un gbilẹ̀. Agbára fọ́ ọjà, kò fọ́ ìwà tó wà nínú ọjà. Àwọn tó rò pé kí á máa fi ọlọ́pàá fọ́lé kiri ni ọ̀nà àbáyọ, ìlú tiwọn gan-an ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

Kí á tó dé ibi ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ẹ jẹ́ ká lé ẹ̀tàn kan dànù. Nísinsìnyí tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ pé egbò olólà léwu, àwọn kan ti ń gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó bá wọn ṣe é pẹ̀lú abẹ tó mọ́. Abẹ tó mọ́ lè dín kòkòrò àrùn kù lọ́jọ́ yẹn. Kò lè dá ohun tí wọ́n gé padà, kò lè mú àpá nà nígbà ìrọbí, kò sì sọ ohun tí ọmọ kò fọwọ́ sí di ohun tó fọwọ́ sí. Ó tilẹ̀ burú ju ti olólà lọ lọ́nà kan: aṣọ funfun nọ́ọ̀sì á jẹ́ kí ìyá rò pé ìtọ́jú ni. Àwọn tó sì ń sọ pé ebi àti iná mànàmáná ló yẹ ká kọ́kọ́ bójú tó, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan kò náni ní kọ́bọ̀. Kò béèrè owó, kò béèrè àjọ kankan láti ìlú òkèèrè. Pé ká jáwọ́ ni.

Báwo ló ṣe yẹ kí ìlanilọ́yẹ̀ rí ní Ìkòyí, nígbà náà? Kó jẹ́ ní Yorùbá tí ìyá àgbà ń sọ, kó mẹ́nu ba ìdọ́ àti ìrọbí láìfi òwe bò ó, nítorí ẹ̀rù tí a kò bá dárúkọ kò ṣeé lé lọ. Kó dé ibi tí obìnrin wà: ọjọ́ tí àwọn aláboyún ń lọ gba ìtọ́jú, ẹgbẹ́ àdúrà, asalátù, ọjà. Kò sí ìjọba tó polongo dódò Ìkirè kí arìnrìn-àjò tó mọ̀ ọ́n. Ẹnu àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń rà á ló gbé e dé Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ọjà bá gbà ní tiwọn kì í ṣá. Kí wọ́n pe ọkùnrin náà, nítorí bàbá ọmọ tó bá ní òun kò fẹ́, ilé rẹ̀ kò ní lè kọjá ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kí wọ́n má ṣe fi olólà ṣe ẹlẹ́yà: iṣẹ́ ìdílé ni, ẹni tó bá gbé abẹ sílẹ̀ níwájú ìlú yẹ kó gba ọ̀wọ̀ bí ẹni tó parí ogun. Òfin náà ní ààyè tirẹ̀. Nígbà tí ìlú bá ti fẹnu kò, òfin ni yóò dúró lẹ́yìn ìyàwó kékeré tí ẹbí fẹ́ fi agbára mú.

Ìpè mi sí àwọn ọba Ìkòyí, Àpòmù àti Ìkirè, sí àwọn ìyálóde, ìyálọ́jà, imáàmù àti pásítọ̀, ni pé kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ náà, nítorí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fẹ́ra wọn. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dìde kó sọ ọ́ pé abẹ kò ní kan ọmọbìnrin àwọn mọ́, kí àwọn tó ti jáwọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn sì jẹ́wọ́ pé àwọn ti jáwọ́, kí wọ́n fi àwọn ọmọ àwọn tó ti dàgbà tó ti bímọ hàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kí ọjọ́ náà tó dé, ìwọ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin nílé yín lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹnìkan sì béèrè pé ta la máa ránṣẹ́ pè, dáhùn kí gbogbo ilé gbọ́ pé a kò pe ẹnikẹ́ni.